Ẹ Má Fi Oògùn Ènìyàn Wo Ajá àti Ológbò Láìbéèrè

Ẹ̀yin aráàlú, ẹ̀yin tí ajá ń bá ṣọ́ ilé, ẹ̀yin tí ológbò ń bá lé eku ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín gbé ọmọ ajá wálé láìtọrọ àyè, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ yín: oògùn tí ẹ rà fún ara yín, èyí tó wà nínú ọ̀rá lórí fìríìjì tàbí lábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ má ṣe fún ẹranko ilé yín lò àyàfi tí ẹ bá ti bi dókítà ẹran léèrè.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń jẹ́ ká máa ṣe é. Ajá kọ oúnjẹ láàárọ̀, ó ká jọ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. A fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ gbóná. Ẹnì kan nínú ilé á ní, "Ibà ni o, ẹ fún un ní Panadol." A lọ oògùn mọ́ omi, a la ẹnu ajá, a dà á sí i. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ajá náà ò dìde, a ó ní ọlọ́jọ́ ló dé, tàbí ká ní ẹnì kan ló ju májèlé lu fẹ́ǹsì. Nígbà mìíràn, ọwọ́ wa tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ló ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ara gbígbóná yẹn. Ìgbóná ara ènìyàn tó le máa ń wà ní nǹkan bíi 37°C. Ti ajá àti ológbò tí ara wọn dá ṣáṣá máa ń wà láàárín 38°C sí 39°C. Ìgbàkígbà tí a bá fọwọ́ kan ikùn tàbí etí wọn, ó di dandan kó gbóná lọ́wọ́ wa, àní bí kò tiẹ̀ sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Imú tó gbẹ náà kì í ṣe ẹ̀rí ibà. Tẹ̀mómítà ló ń sọ òtítọ́, ìdí ẹranko la sì ń kì í bọ̀. Ọ̀pọ̀ ajá ló ti gba oògùn ibà láìní ibà lára.

Ara wọn kò rí bíi tiwa

Yorùbá ní, báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Bí ọ̀rọ̀ oògùn àti ẹ̀dọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú oògùn tí a gbé mì, tó ń sọ ọ́ di ohun tí ara lè tọ̀ dànù. Tí ènìyàn bá lo paracetamol, ìyẹn èròjà inú Panadol, bó ṣe yẹ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á so èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mọ́ èròjà mìíràn, á bá ìtọ̀ jáde. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń di májèlé, ara wa sì ní ohun tó fi ń pa oró yẹn. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní irinṣẹ́ tó péye fún iṣẹ́ yìí. Májèlé náà á máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ náà kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara mọ́. Erìgì ológbò tó yẹ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú á di àwọ̀ ilẹ̀ tàbí kó ṣú. Ojú rẹ̀ á wú, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Tí a kò bá tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ikú ló kàn.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Àgbàlagbà tó wọn 70 kílò tó lo hóró paracetamol méjì gbé 1,000 mílígíráàmù mì. Tí a bá pín in ká ara rẹ̀, kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 14 lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Ológbò ilé wa lè máà ju kílò mẹ́ta àtààbọ̀ lọ. Hóró kan péré, mílígíráàmù 500, túmọ̀ sí mílígíráàmù tó lé ní 140 lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí bàbá ilé lò ni, ara tí kò mọ bó ṣe ń tú u ló sì bọ́ sí. Ẹni tó bá ní òun kàn gé e sí wẹ́wẹ́ kò tíì ṣe nǹkan kan. Kò sí ìwọ̀n paracetamol tí ẹ lè fún ológbò nílé tí kò léwu.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ológbò nìkan lọ̀rọ̀ kàn, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ilẹ̀ Íńdíà, Pakistan àti Nepal. Láti bí ọdún 1990 sókè ni igún bẹ̀rẹ̀ sí kú níbẹ̀ ní rẹpẹtẹ. Irú kan nínú wọn ní Íńdíà dín kù tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó lé ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún tó pòórá láàárín nǹkan bí ọdún 15. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ gbé ìdí rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature: diclofenac ni. Àwọn àgbẹ̀ ń fún màlúù wọn ní oògùn ìrora yìí. Bí màlúù bá kú, igún á jẹ òkú rẹ̀, ìwọ̀nba oògùn tó kù nínú ẹran náà á sì ba kíndìnrín igún jẹ́. Ohun tó tu màlúù lára ló pa igún. Ní ọdún 2006, orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fòfin de lílò rẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Diclofenac kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà ní kẹ́mísì fún ẹ̀yìn ríro.

Oògùn ìrora àti ajá

Ajá ń tiro, ọ̀kadà ló gbá a tàbí ogbó ló dé sí i. Ohun tó wà nílé ni ibuprofen, diclofenac tàbí piroxicam. Àwọn oògùn wọ̀nyí máa ń dí èròjà kan tó ń fa ìrora nínú ara lọ́nà. Ṣùgbọ́n àwọn ìbátan èròjà yẹn ló ń dáàbò bo awọ inú ikùn, àwọn náà ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn dé kíndìnrín. Oògùn náà ń dí àwọn yẹn lọ́nà pẹ̀lú, nínú ajá sì rèé, ìpalára rẹ̀ máa ń yá, ó sì máa ń pọ̀. Hóró ibuprofen 400 fún ajá ìlú kékeré tó wọn kílò mẹ́jọ jẹ́ mílígíráàmù 50 lórí kílò kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ti àgbàlagbà ènìyàn kò tó mẹ́fà. Ẹ fún un lónìí, ẹ tún fún un lọ́la, ọgbẹ́ á dá sí i nínú. Ẹ ó rí èébì tó ní ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ dúdú kirimú, ajá tó ń mu omi ṣáá tó sì ń tọ̀ ṣáá. Nígbà tí ìyẹn bá yọjú, kíndìnrín ti lè bà jẹ́ kọjá àtúnṣe. Paracetamol náà ń pa ẹ̀dọ̀ ajá tí ó bá ti pọ̀ jù.

Oògùn ìrora tí a ṣe fún ajá wà, bíi carprofen. Dókítà ẹran ló mọ ìwọ̀n rẹ̀ àti iye ọjọ́ tí a fi ń lò ó. Ẹ béèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ èyí tó wà nínú ilé gbogbo wa, Alábùkún. Abẹ́òkúta ni Jacob Odulate ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní ọdún 1918, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń fi í lé orí fífọ́ lọ. Ènìyàn ni a ṣe é fún. Aspirin àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀. Wákàtí díẹ̀ ni ara ènìyàn fi ń yọ ìdajì aspirin tó wọ inú rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n nínú ológbò, ó máa ń ju ọjọ́ kan àtààbọ̀ lọ kí ìdajì náà tó jáde. Ẹni tó bá fún ológbò lóògùn láàárọ̀, tó tún fún un lálẹ́, orí èyí tó ṣì wà nílẹ̀ ló ń da òmíràn lé. Kaféènì ní tirẹ̀ ń mú àyà ajá àti ológbò lù kìkì, ó lè fa gìrì.

Ẹ sì kíyè sí oògùn ọ̀fìnkìn. Paracetamol máa ń fara pamọ́ sínú wọn, pẹ̀lú kaféènì àti àwọn èròjà tó ń la imú. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn páálí. Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, Tylenol tí ẹ ń rà níbẹ̀, paracetamol náà ni, acetaminophen ni wọ́n kàn ń pè é.

Tetracycline, Flagyl àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀

Bí ọmọ ajá bá ń bì tó sì ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ olóòórùn burúkú, Flagyl àti kápúsù tetracycline ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń sáré lọ rà. Ohun tó sábà máa ń fa irú ìyẹn nínú ọmọ ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni parvo, fáírọ́ọ̀sì tí ayé bẹ̀rẹ̀ sí mọ̀ ní ọdún 1978. Oògùn apakòkòrò bíi méjèèjì yìí kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ohun tó ń gba ọmọ ajá náà là ni omi tí a dá padà sí i lára nípasẹ̀ dírípù, oògùn tó dá èébì dúró, ìtọ́jú tó gbóná, àti oògùn apakòkòrò tí dókítà yàn kí àrùn mìíràn má bàa gun orí rẹ̀. Ọjọ́ méjì tí a fi dán Flagyl wò nílé ni ọjọ́ méjì tí dírípù ì bá ti fi gbà á là. Parvo ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ la ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a ó sì máa tún un gún títí ọmọ ajá yóò fi tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin.

Tetracycline máa ń ba eyín ọmọ ajá jẹ́, á sọ ọ́ di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Doxycycline tí ológbò gbé mì láìmu omi lé e lè lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kó dá ọgbẹ́ síbẹ̀, kí oúnjẹ má sì lè kọjá mọ́. Ẹ̀yin tó sì ń tú kápúsù sínú omi adìyẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé oògùn náà á wà nínú ẹyin tí àwọn ọmọ yín yóò jẹ. Bí a bá sì ń lo oògùn apakòkòrò ní ìlò ìkùgbù, kòkòrò á kọ́ bó ṣe ń borí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ ènìyàn bá nílò oògùn yẹn, kò ní ṣiṣẹ́.

Oògùn aràn ọmọdé náà gba ìkíyèsára. Levamisole tí a ń fún àwọn ọmọ wa, àlàfo tó wà láàárín ìwọ̀n tó ń pa aràn àti ìwọ̀n tó ń ṣe ajá ní jàǹbá kò fẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí dókítà wọn ajá kó tó yan oògùn aràn fún un.

Ohun tí a ń fi pa á lára

Èkúrú bo ajá, irun rẹ̀ ń ré, ara ń yún un. Wọ́n á ní ká fi ọ́ọ̀lì ọkọ̀ tó ti dúdú pa á lára. Ọ́ọ̀lì yẹn kún fún ìdọ̀tí irin àti òjé, ó ń jó awọ ara, ajá á sì lá a títí yóò fi wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kẹrosíìnì rí bẹ́ẹ̀. Izal àti Dettol tí a kò pò bó ṣe yẹ ń bó awọ, ológbò ní pàtàkì kò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn wọ́n, ẹ sì mọ̀ pé kò sí ibi tí ológbò kì í lá lára rẹ̀.

Èyí tó burú jù lọ ni Sniper tí a fi ń pa kòkòrò nílé. Àwọn kan ń pò ó mọ́ omi láti fi wẹ ajá nítorí eégbọn. Dichlorvos tó wà nínú rẹ̀ ń gba inú awọ wọlé. Itọ́ á máa dà lẹ́nu ajá, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ á sún kì, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, gìrì á gbé e. Ọmọ tó bá gbá ajá náà mọ́ra lẹ́yìn ìwẹ̀ náà á fara kó o. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, ti 100ml, ní ọdún 2019 nítorí jàǹbá tó ń ṣe fún ènìyàn. Ohun tí ìjọba kò fẹ́ lọ́wọ́ wa nínú ilé, ẹ má ṣe fi wẹ ajá. Bákan náà, oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin nínú, ẹ má kàn án mọ́ ológbò. Gìrì ló máa ń fà fún un.

Èkúrú ní oògùn. Ivermectin wà lára wọn, òun náà ló wà nínú Mectizan tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ fún ènìyàn nítorí àrùn tó ń fọ́ni lójú láti etí odò. Ṣùgbọ́n ìgò ivermectin tí àwọn darandaran ń lò, mílílítà kan rẹ̀ wà fún màlúù tó wọn 50 kílò. Ẹni tó bá gún ajá oníkílò márùn-ún ní mílílítà kan ti fún un ní ìlọ́po mẹ́wàá. Àwọn ajá Alsatian kan tún wà tí a bí èèwọ̀ oògùn yìí mọ́, nítorí ó ń wọ ọpọlọ wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta ajá gún ajá yín lábẹ́rẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà.

Epo pupa kì í ṣe aporó

Tí wọ́n bá fura pé ajá jẹ májèlé, epo pupa ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé. Wọ́n á gbé orí ajá sókè, wọ́n á rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, epo àti mílíìkì lè jẹ́ kí àwọn májèlé kan tètè wọ ara. Èkejì, ajá tí ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, epo náà á gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, àìsàn mìíràn á kún ti tẹ́lẹ̀. Omi iyọ̀ tí a fi ń mú un bì náà léwu, iyọ̀ tó pọ̀ nínú ara ajá fúnra rẹ̀ ń pa á.

Aporó gidi wà, ọwọ́ dókítà ló wà. Ti Sniper ni atropine, ti paracetamol ni acetylcysteine, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí ó bá tètè dé. Nítorí náà, tí ẹranko bá gbé oògùn mì, ẹ gba èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀, ẹ mú páálí tàbí ọ̀rá oògùn náà dání, ẹ wo agogo kí ẹ lè sọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì máa lọ. Ẹ má dúró wò ó bóyá yóò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀dọ̀ ajá lè máa kú lọ fún ọjọ́ kan tàbí méjì nígbà tí òun ṣì ń ju ìrù.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé

N kò sọ pé kí ẹ ká ọwọ́ gbera. Iṣẹ́ wà tí ọwọ́ onílé lè ṣe, tí kò sì léwu.

Fún ọgbẹ́ kékeré: ẹ se omi ọ̀rá kan, ìyẹn 50cl, kó hó, ẹ fi iyọ̀ ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú sí i, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì fi fọ ọgbẹ́ náà. Omi iyọ̀ yìí sàn ju síípíríìtì àti hydrogen peroxide lọ, nítorí àwọn yẹn ń pa ẹran ara tuntun tó fẹ́ hù jáde. Ọgbẹ́ tó bá jìn, tó ń rùn, tàbí tí ẹran mìíràn fi eyín dá sí i lára, ti dókítà ni.

Fún ajá àgbà tó ya ìgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, tí kò bì, tó ṣì ń ṣeré: ẹ gbé omi tó mọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fún un ní ìrẹsì funfun àti adìyẹ bíbọ̀ tí kò ní ata, àlùbọ́sà àti màgí. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá àti ológbò jẹ́, bíbọ̀ tàbí tútù. Tí ọjọ́ kan bá kọjá tí kò dáwọ́ dúró, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ yọ, tàbí tó jẹ́ ọmọ ajá, ẹ gbéra.

Fún eégbọn díẹ̀: ẹ fi ìmúrun mú un súnmọ́ awọ, ẹ fà á tààrà, ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ àti ọwọ́ yín. Ẹ má fi iná jó o, ẹ má sì da kẹrosíìnì lé e.

Fún ara ríro: ẹ tẹ́ ibi tó rọ̀ fún un, ẹ má jẹ́ kó sáré tàbí fò, kí ẹ sì pe dókítà.

Bí a ṣe ń béèrè

Òótọ́ ni pé dókítà ẹran máa ń kọ oògùn ènìyàn fún ajá nígbà mìíràn. Ohun tó ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ ni pé ó ti wọn ẹranko náà, ó mọ ohun tó ń ṣe é, ó sì mọ ohun tí oògùn náà ń ṣe nínú ara irú ẹran bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ pè é lórí fóònù, ẹ múra ìdáhùn sílẹ̀: irú ẹran wo ni, ọmọ oṣù tàbí ọdún mélòó, akọ ni tàbí abo, ṣé ó lóyún, kílò mélòó ló wọn, kí lẹ rí, láti ìgbà wo, oògùn wo ni ẹ ti fún un. Ẹ má tijú láti sọ èyí tó kẹ́yìn yìí. Dókítà tó mọ̀ pé ajá ti gba ibuprofen kò ní fún un ní oògùn ìrora mìíràn tí yóò gun orí rẹ̀.

Ẹ ò nílò òṣùwọ̀n pàtàkì. Ẹ gun èyí tí ẹ fi ń wọn ara yín, ẹ gbé ajá náà mọ́ra kí ẹ tún un gùn, ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì.

Tí dókítà bá ní kí ẹ fún un ní nǹkan, ẹ jẹ́ kó sọ iye mílígíráàmù, iye ìgbà lójúmọ́ àti iye ọjọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ rí i pé èròjà tó dárúkọ nìkan ló wà nínú oògùn tí ẹ rà. Tó bá jẹ́ síróòpù, ẹ wò ó bóyá xylitol wà nínú rẹ̀, nítorí ṣúgà yìí ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ lójijì. Ẹ fi hóró sínú òkèlè kékeré, kí ẹ sì fún un lómi tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ olómi, ẹ fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ kán an díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ má gbé orí rẹ̀ sókè.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ gbé jù. Ajá tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí àgbọ̀n rẹ̀ já sílẹ̀, tí kò lè gbé omi mì, ẹ lè rò pé eegun ló há a lọ́fun. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti fún un lóògùn. Ẹ tì í mọ́ ibì kan, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹni tó bá gé jẹ tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ojú ọgbẹ́ rẹ̀, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àrùn yìí bá ti fara hàn lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń já sí.

Ọ̀rọ̀ owó

Ẹ ó ní owó dà. Mo gbọ́. Ọ̀nà jìn, nǹkan sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní yunifásítì ọ̀gbìn Abẹ́òkúta, ó wà ní Yunifásítì Ìlọrin, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ní tiwọn ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá. Ní àyíká ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, tí í ṣe Ọjọ́ Dìgbòlugi Àgbáyé, àwọn kan máa ń gún ajá lábẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gba nọ́ḿbà dókítà ẹran tó sún mọ́ yín lónìí, nígbà tí ara ajá yín le, kó má jẹ́ pé òru ni ẹ ó máa wá a kiri. Owó abẹ́rẹ́ àjẹsára kéré gan-an sí owó dírípù.

Ẹ̀yin onikẹ́mísì, ẹ jọ̀wọ́, tí ẹnì kan bá wá ra oògùn tó ní ajá òun ló fẹ́ fún, ẹ má tà á fún un. Ẹ sọ fún un pé ẹ kò mọ ara ajá, kí ẹ sì júwe ilé ìwòsàn ẹran fún un. Ẹ̀yin tó ń ta ajá, ẹ fún oníbàárà ní ìwé abẹ́rẹ́ ajá náà dípò àkọsílẹ̀ kápúsù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé oògùn ilé kì í ṣe ohun ìṣeré pẹ̀lú ológbò. Ẹ̀yin onílé, ẹ gbé oògùn sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ àti ẹnu ajá kò ti lè dé e, nítorí ajá lè já ọ̀rá ya kó sì gbé odindi káàdì oògùn mì kí ẹ tó ti ẹ̀yìn ilé dé.

Ajá kò lè sọ ibi tó ń ro ó, ológbò kò sì lè ní òun kò fẹ́ oògùn yẹn. Ohun tí a bá fi sí wọn lẹ́nu ni wọ́n ń gbé mì, nítorí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé wa. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ béèrè kí ẹ tó fún un.